Kíìtì .22 nínú ìbọn .223: ìdáhùn fún òǹkàwé kan ní Houston

Òǹkàwé kan tí ó ń gbé ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní ìbọn AR-15 kan tí ń lo kátíríìjì .223. Mo gbọ́ pé kíìtì kan wà tí èèyàn lè fi sínú rẹ̀ kí ó lè máa yin kátíríìjì .22 Long Rifle, èyí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 14, mo fẹ́ fi kọ́ ọ ní ìbọn, mo sì fẹ́ máa fi pa ọ̀kẹ́rẹ́ lásìkò ọdẹ. Ṣé kíìtì yìí kò ní ba ìbọn mi jẹ́? Ṣé ọta rẹ̀ yóò lọ síbi tí mo bá nà án sí? Ṣé mo sì lè gbé ọ̀kan lọ sílé fún àbúrò mi tó jẹ́ ọdẹ ní Ìsẹ́yìn?”

Ó dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Kíìtì náà dára fún kíkọ́ ọmọ yín. Kò dára tó fún ọ̀kẹ́rẹ́. Kò ní ba ìbọn yín jẹ́ bí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀ bí mo ṣe máa sọ nísàlẹ̀. Ti Ìsẹ́yìn sì rèé, ẹ má dán an wò. N óò ṣàlàyé ìdí rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn rẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò máa ka èèwọ̀ fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìdí kátíríìjì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá yí kátíríìjì .223 yín sókè, ẹ óò rí ife kékeré kan láàárín gbùngbùn ìdí rẹ̀. Inú ife yẹn ni ẹ̀tù ìdáná wà, ibẹ̀ sì ni abẹ́rẹ́ ìbọn ń gún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní centrefire. Ti .22 kò ní ife kankan. Inú etí tí wọ́n ká yípo ìdí rẹ̀ ni wọ́n da ẹ̀tù ìdáná sí, abẹ́rẹ́ a sì tẹ etí yẹn pẹlẹbẹ mọ́ ẹnu ilé ọta, ìyẹn ihò ìdí ọ̀pá ìbọn tí kátíríìjì ń wọ̀, kí iná tó dá. Òun ni rimfire. Etí tí abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ lè tẹ̀ kò lè nípọn, ohun tí kò sì nípọn kò lè dá agbára púpọ̀ dúró. Èyí ni ó fà á tí àjọ SAAMI, tí ń fi òdiwọ̀n lélẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ìbọn àti ọta ní Amẹ́ríkà, fi fi òpin agbára inú .22 Long Rifle sí 24,000 psi (òdiwọ̀n bí gáàsì ṣe ń tì tó), tí ti .223 sì jẹ́ 55,000. Ọta .22 tí ó wọ́pọ̀ jùlọ wúwo tó grain 40 (òdiwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ọta), ó sì ń sáré tó 1,200 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ọta .223 tí ó jẹ́ grain 55 ń sáré ju 3,000 lọ. Bí a bá ṣírò agbára méjèèjì jáde, ti .22 jẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti .223.

Ìbọn AR-15 yín kò lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá yẹn ṣiṣẹ́ bí ó ti wà. Bí .223 bá bú, díẹ̀ nínú gáàsì rẹ̀ a gba ihò kékeré kan tó wà lára ọ̀pá ìbọn padà sẹ́yìn, a ti bolt (irin tí ń ti ẹ̀yìn ilé ọta pa), a ṣí i kúrò níbi tí ó ti tì pa, a sì gbé òmíràn wọlé. Gáàsì .22 kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn tó ṣe kíìtì yọ gbogbo ètò yẹn kúrò, wọ́n sì fi bolt mìíràn rọ́pò rẹ̀, èyí tí kò tì pa rárá, tí ó jẹ́ pé ìwúwo ara rẹ̀ àti sípíríǹgì rẹ̀ nìkan ló dá a dúró, tí ìtàpá èèpo idẹ kátíríìjì fúnra rẹ̀ sì ń tì í padà. Sí iwájú bolt yìí ni wọ́n so irin kan mọ́ tí a gbẹ́ bí èèpo .223 gẹ́lẹ́. Irin yìí ni ó ń wọ ilé ọta ìbọn yín, tí ó sì ń sọ ilé ńlá di ilé kékeré tí .22 lè sùn sí.

Ẹ fojú inú wo irin yẹn dáadáa, torí inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè yín kejì wà. Gígùn èèpo .223 jẹ́ íǹṣì 1.76. Gígùn odindi kátíríìjì .22 Long Rifle, tòun ti ọta orí rẹ̀, kò ju íǹṣì 1 lọ. Láàárín orí ọta àti ibi tí ọ̀pá ìbọn gan-an ti bẹ̀rẹ̀, ààyè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì kan ló wà, àní ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọta gbọ́dọ̀ fò kọjá kí ó tó kan ìlà lílọ́ tí wọ́n gbẹ́ sínú ọ̀pá, èyí tí yóò mú un yí. Nínú ìbọn tí a ṣe fún .22 láti ilẹ̀, orí ọta fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìlà yẹn kí a tó fa ohunkóhun. Nínú kíìtì, ó ń sáré wọlé láti òkèèrè ni, bí ẹni tó sáré wọ ẹnu ọ̀nà tóóró lóru: ó lè wọlé gírígírí, ó sì lè fi èjìká gbá òpó.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí ilé ọdẹ lè sọ pé kí ni gbogbo èyí já mọ́, nígbà tí ìbọn ṣakabùlà bàbá yín kò ní ìlà kankan nínú, tí wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ègé irin sí i, tí ó sì ń pa ẹran. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣakabùlà ń da ègé púpọ̀ sí ojú kan ní ìtòsí, nígbà tí ráífù ń rán ọta kan ṣoṣo lọ jìnnà, yíyí tí ọta yẹn ń yí bí òkòtò nìkan ni kì í jẹ́ kí ó takìtì lójú ọ̀nà. Òkòtò tí a kò ta dáadáa ńkọ́? Ẹ̀yin náà ti rí i rí.

Èyí mú wa dé orí ìlọ́ ọ̀pá. Ọ̀pá ìbọn .22 sábà máa ń ní ìlọ́ 1:16, ìyẹn ni pé ọta yóò yí po lẹ́ẹ̀kan bí ó bá rin íǹṣì 16. Ọ̀pá AR-15 òde òní máa ń jẹ́ 1:7, 1:8 tàbí 1:9, torí ọta .223 tí ó gùn tí ó sì wúwo ń fẹ́ yíyí kíákíá. Bí ọta .22 bá gba ọ̀pá 1:7 jáde pẹ̀lú eré 1,200 ẹsẹ̀ bàtà, yóò máa yí ju ìgbà 2,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ó jẹ́ pé 900 péré ni yóò yí nínú ọ̀pá 1:16. Àwọn kan ń sọ pé yíyí àyíjù yìí a máa fọ́ ọta túká. Èmi kò tíì rí èyí tó fọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òjé rírọ̀ tí wọ́n fi ṣe ọta olówó pọ́ọ́kú kì í ṣe déédéé láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, pàápàá lẹ́yìn tí ó bá ti fi ẹ̀gbẹ́ gbá ẹnu ọ̀pá, bí ó bá sì ti ń yí kíákíá sí i ni àìdọ́gba yẹn yóò ṣe máa jù ú sí ẹ̀gbẹ́ tó nígbà tí ó bá jáde. Nítorí náà, bí ọ̀pá yín bá jẹ́ 1:9, ẹ óò rí èsì tó sàn ju ti ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 1:7 lọ, bí àwọn nǹkan yòókù bá dọ́gba.

Iye ìlọ́ yẹn sábà máa ń wà lára ọ̀pá fúnra rẹ̀, nítòsí ẹnu. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú ìbọn, kí ẹ fi aṣọ tó le díẹ̀ sí orí ọ̀pá ìnubọn tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, kí ẹ tì í wọlé díẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kékeré sí ẹ̀yìn ọ̀pá náà, kí ẹ sì máa tì í lọ jẹ́jẹ́ títí ìlà yẹn yóò fi yí po padà sókè. Íǹṣì tí ó rìn ni ìlọ́ ìbọn yín.

Nígbà tí èmi fúnra mi yin ọta mẹ́wàá láti inú irú kíìtì bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀pá 1:7, lórí tábìlì, ní yáàdì 50, àwọn ihò náà tú ká lórí bébà bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà tí a tẹ́. Ní yáàdì 25, wọ́n kó ara wọn jọ sábẹ́ ìdérí ìgò. Fún ọmọ tí ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ìbọn lé èjìká, bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń fa ohun ìfà láì já a gbà, yáàdì 25 tó o. Fún ọ̀kẹ́rẹ́ tó wà lórí igi óàkù, tí orí rẹ̀ kò tóbi ju àgbálùmọ̀ kékeré lọ, àtẹ́lẹwọ́ kò tó rárá. Ẹran tí a ṣe léṣe tí ó sì sá lọ kú sínú ihò kò ṣe ọdẹ ní àǹfààní kankan.

Ẹ má rò pé èrò àwọn oníṣòwò ìsinsìnyí ni ọ̀ràn yìí. Ní ọdún 1907, iléeṣẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti ń lo ìbọn Springfield kan fún ìdánrawò inú ilé, tí wọ́n ń fi kátíríìjì .22 Short sínú irin tí ó rí bí kátíríìjì ńlá kí wọ́n tó kì í sínú ìbọn. Nígbà tí ìbọn ológun M16 dé, wọ́n ṣe kíìtì M261 fún un. Gbogbo àwọn wọ̀nyí, ọwọ́ ọmọ ogun tuntun ni wọ́n ṣe wọ́n fún, kí owó ọta má bàa pọ̀. Kò sí ẹni tó retí pé kí wọ́n fi gba àmì ẹ̀yẹ.

Owó náà kò ṣeé kó dànù o. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ní Amẹ́ríkà, kátíríìjì .22 kan kì í tó sẹ́ńtì 10, nígbà tí ti .223 sábà máa ń lé ní 40. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń yin 200 ní ọjọ́ Sátidé kọ̀ọ̀kan yóò ti rí owó kíìtì padà kí oṣù díẹ̀ tó pé.

Ó kan ìbéèrè yín àkọ́kọ́, ìyẹn bóyá yóò ba ìbọn jẹ́. Èérí .22 ni ọ̀tá yín. Ọta rẹ̀ jẹ́ òjé tí a fi ìda tàbí ọ̀rá pa lára, ẹ̀tù rẹ̀ kò sì mọ́. Ihò gáàsì tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan ṣí sílẹ̀ gbayawu nígbà tí kíìtì wà nínú ìbọn, bí kò tilẹ̀ ní iṣẹ́ kankan tí ó ń ṣe, gbogbo ọta tó sì ń kọjá ni ó ń fá díẹ̀ sí etí ihò náà. Ẹnì kan gbé ìbọn wá bá mi rí pé .223 kò gbé òmíràn wọlé mọ́. Ó ti yin .22 nínú rẹ̀ láti ìgbà ìrúwé títí di ìgbà ìwọ́wé láì fi .223 kan sí i láàárín. Nígbà tí mo ti búrọ́ọ̀ṣì wọ ilé ọta, ohun tó bá a jáde dà bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ọṣẹ dúdú, ègé òjé wẹ́wẹ́ sì ń dán nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó bàjẹ́; àmọ́ ọ̀sán kan gbáko ni mo fi nu ún.

Èyí tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ lo ọta tí wọ́n fi bàbà bò lára, tí orí rẹ̀ rí róbótó, tí ó jẹ́ grain 40, tí eré rẹ̀ sì ga. Èyí tí kò ní bàbà lára ni ó ń ba ihò jẹ́ jùlọ. Lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ kíìtì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ilé ọta yí inú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ ki aṣọ gba inú ọ̀pá, kí ẹ sì fi iná wò ó kí .223 kankan tó wọ ibẹ̀. Nígbà tí ó bá ti mọ́ ni ẹ lè wá yin .223 díẹ̀, kí gáàsì gbígbóná rẹ̀ lè gbá ihò náà mọ́. Àwọn kan máa ń fo ti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní .223 yóò fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, torí èérí tó wà ní ilé ọta lè má jẹ́ kí kátíríìjì ńlá jókòó dé ìdí, tàbí kí ó jókòó kí ó má sì jáde mọ́.

Ewu gidi kan wà tí ó ju èérí lọ, òun ni mo sì fẹ́ kí ọmọ yín mọ̀ kí ó tó mọ ohunkóhun mìíràn. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ̀tù inú .22 kan kò pé, kí ọta rẹ̀ sì há sí àárín ọ̀pá. Ohùn ni yóò sọ fún yín: dípò “páù” tí ẹ ti mọ̀, ẹ óò gbọ́ “pú” kékeré, bí ìgbà tí a ṣí ìgò ọtí tó ti kú. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ dúró. Ẹ má fà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ na ẹnu ìbọn sí ibi tí kò léwu, ẹ yọ mágásíìnì, ẹ yọ kíìtì, kí ẹ sì wo inú ọ̀pá láti ẹ̀yìn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá gba ibẹ̀ kọjá, ọta wà níbẹ̀. .22 mìíràn tí ó bá tẹ̀lé e lè mú ọ̀pá wú, ṣùgbọ́n .223 tí ó bá bá a níbẹ̀ lè fọ́ ìbọn mọ́ yín lójú. Nítorí èyí, ẹ yàgò fún àwọn ọta .22 tí kò ní ẹ̀tù rárá, tí ó jẹ́ pé ẹ̀tù ìdáná nìkan ló ń tì wọ́n. Ẹni tó ṣe àwọn kan nínú wọn gan-an ń kọ ọ́ sára páálí pé kí a má fi sínú ráífù. Àwọn ọta .22 tí kò sáré ju ohùn lọ kò léwu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà lágbára tó láti ti bolt kíìtì padà.

Bí ẹ bá sì ní ọ̀pá AR-15 mìíràn nílé tí ń lo kátíríìjì .300 Blackout, ẹ má jẹ́ kí kíìtì yìí kan án. Inú ọ̀pá yẹn fẹ̀ ju ọta .22 lọ fíìfíì, ọta kàn máa kó sínú rẹ̀ bí èkùrọ́ nínú ìkòkò ni.

Lọ́jọ́ ìdánrawò, ẹ fi awò bo ojú àti nǹkan dí etí, àti ẹ̀yin àti ọmọ. Bolt tí kò tì pa a máa tu ẹ̀tù àti èéfín sí ẹ̀gbẹ́, ó sì burú jù fún ẹni tó ń fi ọwọ́ òsì yìnbọn. Ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kí ẹ tó jẹ sánwíìṣì. Àwa tí a rántí ohun tí òjé ṣe fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní Zamfara ní ọdún 2010 kò yẹ kí a fojú kékeré wo èyí. Ẹ má sì yà yín lẹ́nu pé .22 kò kan ibi tí .223 ń kàn pẹ̀lú awò orí ìbọn kan náà. Ẹ kọ iye tí ẹ yí awò náà sí sínú ìwé, kí ẹ lè dá a padà sí ààyè rẹ̀ kí ọjọ́ ọdẹ tó dé.

Fún ọ̀kẹ́rẹ́, ẹ ra ìbọn .22 gidi. Ruger 10/22, tí ó ti wà ní ọjà láti ọdún 1964, yóò ṣe é; bí ẹ bá sì fẹ́ kí ọmọ lo èyí tí ó rí bí AR-15, Smith & Wesson ń ṣe M&P15-22, ọ̀pá .22 gan-an ló sì wà nínú rẹ̀. Bí owó kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ yín lónìí, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí kíìtì dúró. Ẹ rántí pé ìpínlẹ̀ Texas kò gba kí a fi rimfire kankan, bó ti wù kí ó tóbi tó, pa àgbọ̀nrín; ní ọjọ́ àgbọ̀nrín, .223 yín ni ẹ óò gbé dání.

Ó ku ti Ìsẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, ibo ni àbúrò yín yóò fi í sí? Bóyá ṣakabùlà ni ìbọn rẹ̀, bóyá ti oníkátíríìjì, kò sí èyí tí kíìtì AR-15 lè wọ̀. Èkejì ni òfin. Ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, apá ìsàlẹ̀ AR-15 tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ni ìbọn, kíìtì kì í ṣe ìbọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè fi ránṣẹ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn yín. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀yà ara ìbọn pẹ̀lú wà nínú ohun tí ó pè ní ìbọn, kò sì sí ẹni tó lè kó o wọlé láì gba ìwé àṣẹ. Amẹ́ríkà náà ń béèrè ìwé àṣẹ kí ọ̀pọ̀ irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ tó jáde.

Kí ẹ tó wá sílé ní Kérésì, ẹ má ṣe lo báàgì tí ẹ ń gbé lọ sí pápá ìyìnbọn, kí kátíríìjì kan má bàa bá yín dé ibodè. Bí òun nìkan ni ẹ ní, ẹ da á dojú dé lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ yí gbogbo àpò rẹ̀ síta, kí ẹ fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀ láti òpin kan dé èkejì. Kátíríìjì .22 kan kò tóbi ju èkùrọ́ lọ, abẹ́ aṣọ inú báàgì ni ó sì máa ń sá sí.